Béèsì Kì í Dọ̀bálẹ̀

Bàbá mi kì í gba abọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì kàn án wò. Abọ́ tánganran ló ń tà ní Sabon Gari, ní Zaria, láti ìgbà tó ti fi Ìlọrin sílẹ̀ ní ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá ti já ẹrù, yóò jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò gbé abọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, yóò sì fi eegun ìka ọ̀tún kàn án nídìí. Bí abọ́ náà bá ti sán níbi tí ojú kò lè rí, etí bàbá mi yóò gbọ́ ọ. Èyí tó pé á lọ sápá ọ̀tún, èyí tó sán á padà sínú àpótí.

Ó máa ń ní kí èmi náà kàn án. Màá kàn án létí, á ní rárá, etí abọ́ a máa tan ènìyàn jẹ, ìdí ni kí n kàn. Màá kàn án nídìí, màá tẹ́tí sílẹ̀, n kò ní gbọ́ ju pé ó dún kọ́ lọ. Á bi mí pé ṣé ó pé ni tàbí ó sán. Bí mo bá ní ó pé, á ní ó sán. Bí mo bá ní ó sán, á wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni abọ́ tí wọ́n tà fún un láì kàn. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ti ń tojú sú mi.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà rò pé bàbá tí kò fẹ́ kí n ṣe orin jẹ́ ẹni tí kò ní etí. Etí rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ohun tó sọ nígbẹ̀yìn kò fi kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, mo di ẹni tó ń ta béèsì. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá rí i rí, gìtá tó ti dàgbà ni. Ó ga ju ènìyàn lọ, okùn mẹ́rin ló ní, irin kan ló fi dúró nílẹ̀. Ẹni tó ń ta á á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á gbá a mọ́ra bí ẹni tó ń lajà. Ọwọ́ òsì á máa tẹ okùn lókè lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á máa fà á nísàlẹ̀. Gbogbo ìjọ̀ngbọ̀n tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ ọ̀tún ló dá a sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Tudun Wada, ní Zaria náà, nígbà náà, nínú iyàrá ńlá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ọ̀rẹ́ mi kan, ojúgbà mi, ló ń lù fún wọn, ìlù òyìnbó tí wọ́n ń jókòó lù. Òun ló mú mi mọ ibẹ̀. Ẹni tó ń ta béèsì fún wọn ti lọ gbéyàwó nílé, ní Ìjẹ̀bú, kò sì padà wá mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo wọn lọ jẹun, mo gbá béèsì mọ́ra, mo ń ta ìwọ̀nba tí mo ti fi ojú kọ́ lára ẹni tó lọ. N kò mọ̀ pé olórí ẹgbẹ́ ti padà dé, tó sì ń gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ògiri. Ọ̀gá la máa ń pè é. Fèrè idẹ ló ń fọn, àgbà ni, kò sì sí ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún tó o nílùú náà lẹ́yìn bàbá mi. Ó wọlé, ó ní ohùn tó ń jáde lábẹ́ ọwọ́ mi jinlẹ̀ bí ohùn ọkùnrin tó ti jẹun yó, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la.

Mo dé lọ́la. A bẹ̀rẹ̀ orin, Ọ̀gá dúró níwájú mi, ó gbé fèrè sẹ́nu, kò tíì fọn ún tó fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní ta ló wà níbí lánàá. Mo ní èmi ni, sà. Ó ní kì í ṣe èmi. Ó ní ti àná jinlẹ̀, ti òní gbẹ, ó ń dún pọ́kọ́pọ́kọ́ bí ẹni tó ń kan páálí. Mo wo ọwọ́ mi, mo wo okùn. Béèsì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, orin kan náà ni. Èmi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó wà lẹ́yìn béèsì kì í gbọ́ ohun tí ẹni iwájú ń gbọ́, igi náà á máa gbọ̀n mọ́ ọ níkùn, gbogbo rẹ̀ á máa jinlẹ̀ létí rẹ. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo rò ni pé bàbá mi jàre, etí mi ti sán.

Ọyẹ́ la kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọyẹ́ Zaria kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ó ń la ètè, ó ń la gìgísẹ̀, ó ń la ilẹ̀kùn. A ní òun ló gbẹ béèsì. Mo lọ mú ọ̀kan nínú àwọn abọ́ tó sán ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo bu omi sínú rẹ̀, mo gbé e sí ìdí béèsì kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè tutù. Kò yí padà. A dá okùn lẹ́bi, ìfun àgùntàn tí wọ́n lọ́ ni okùn ọ̀hún, a sì rán ènìyàn lọ ra òmíràn ní Kano. Kò yí padà. Ọ̀rẹ́ mi onílù ní bóyá ẹnìkan ló di ohùn béèsì. Ó gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, èmi náà gbàdúrà sí i ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ọ̀ràn náà má baà rí ibi sá sí.

Èyí tó wá da orí mi rú pátápátá ni pé ìgbàkígbà tí Ọ̀gá kò bá sí nílé, gbogbo àwọn tó kù á ní béèsì dára. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, bí ó bá ń bọ̀ láti títì, á gbọ́ ọ pé ó jinlẹ̀. Bó bá ti wọlé, ohùn náà yóò gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó sì fajú ro.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo ní kò sí o, sà. Ó ní ṣé òun ni mò ń fi ṣẹ̀sín ni, tí mò ń fi ohùn rere pamọ́ bí òun bá dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ? Bí mo bá ní n kò mọ̀, ó dà bí irọ́. Bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ gan-an nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá mi gbọ́. Ẹnìkan rí mi lẹ́yìn ọmọlanke tí a fi ń gbé béèsì kọjá, ó sì lọ bi í pé ta ló kú nílé rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń ti pósí kiri ìgboro. Bàbá mi pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń retí ariwo. Kò pariwo. Ó ní òun kò ní dá ohun tí òun kò gbọ́ lẹ́jọ́. Ó ní òun kò ní wọ ibi tí wọ́n ti ń mutí, ṣùgbọ́n òun yóò wá sí iyàrá tí a ti ń kọ́ orin lọ́jọ́ kan, òun yóò sì gbọ́ ọ.

"Bó bá pé, màá fi ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti sán, Ìlọrin lò ń lọ, lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tajà."

Kò sọ ọjọ́ tó máa wá. Èmi tí wọ́n bí ní Zaria, tí Hausa dùn lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ, tí n kò mọ Ìlọrin ju ojú ọ̀nà ilé ẹbí lọ, mo wá ń sùn, mo ń jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù ọjọ́ náà. N kò fẹ́ kúrò nídìí béèsì. Kò sí ohun tí mo fẹ́ ju kí n wà nídìí rẹ̀ lọ, n kò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀? Igi ni, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ìbínú ló gbé Ọ̀gá dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú èédú tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíì níwájú ilé. Ó fi àkísà nu okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ tónítóní, ó ní kí n fi èédú pa ìka ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó ní kí a máa ṣeré, ó bọ́ síta, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó tún wọlé, ó dúró síwájú mi, ó pẹ́ níbẹ̀ náà. Ó ní ó tó. Ó ní kí gbogbo wa wá wò ó.

Ibi méjì ni okùn ti dúdú. Ọ̀kan wà lókè, níbi tí pátákó dúdú tó wà lábẹ́ okùn ti parí. Èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kékeré tó gbé okùn sókè. Àárín wọn funfun, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá ní kí n kúrò lẹ́yìn béèsì, kí n wá síwájú. Ó fa okùn lókè, ó jinlẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó kú. Ó fa okùn kan náà nísàlẹ̀, níbi tó ti le gan-gan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó gbẹ, ó sì kú kíá. Mo gbọ́ ọ. Èmi tí n kò gbọ́ ti abọ́ rí, mo gbọ́ èyí, inú mi sì dùn bí ẹni pé wọ́n la etí mi.

Ṣùgbọ́n mo búra pé n kò gbé ọwọ́ mi sọ̀kalẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, nítorí òótọ́ ni lójú mi. Ọ̀gá ní èédú kì í purọ́. Mo ní èmi náà kò purọ́. A ń wo ara wa. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi onílù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí igi ìlù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ó ń kí yín ni."

Ẹ̀yìn mi ló máa ń jókòó sí, ó sì rí ohun tí èmi kò lè rí, nítorí ẹni tí à ń wò kì í wòran. Ó ní bí Ọ̀gá bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, orúnkún mi á tẹ̀, ẹ̀yìn mi á tẹ̀, èjìká mi á sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á sì bá a lọ. Ìka tó ń sùn sára okùn tẹ́lẹ̀ á nà, orí ìka nìkan á máa fà á. N kò lè dọ̀bálẹ̀ nítorí béèsì wà láyà mi, ni ara mi fi ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Ibi tí a ti tọ́ mi, bí o bá rí àgbà Yorùbá, o ó dọ̀bálẹ̀. Bí o bá rí àgbà Hausa, o ó lóṣòó. Bí o bá sì rí ẹni tí ojú rẹ kò tètè mọ̀, o ó tẹ̀ díẹ̀ títí wàá fi mọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀yìn mi ti mọ àgbà kí ojú mi tó rí i. Mi ò kọ́ ọ, wọ́n bí i mọ́ mi ni.

Ọ̀gá ní láti òní lọ, n kò gbọdọ̀ kí òun bí béèsì bá wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò ọ̀tún ti ẹ̀gbẹ́ pátákó dúdú yẹn níbi tó ti parí, kí n fi í síbẹ̀ kó máa gbé ibẹ̀, kí ìka tó kù sùn sára okùn, kí ẹran ìka fà á, kì í ṣe èékánná. Ó ní kí n dúró ṣánṣán, kódà bí bàbá bàbá mi bá jí dìde láti sàréè tó wọlé wá. Ó wá ń wọlé, ó ń jáde títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, kí ẹ̀yìn mi lè gbàgbé rẹ̀. Kò rọrùn o. Ọrùn mi ń gbóná, ojú ń tì mí. Bí a bá parí, màá gbé béèsì tì, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, màá fi san gbogbo èyí tí n kò ṣe láti ọ̀sán, á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ohùn náà wá dára, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Èyí tó gbẹ, ọmọ tó mọ ìwà ló ń ta á. Èyí tó jinlẹ̀, ọmọ tó ń wo àgbà lójú ló ń ta á. Mo ń bi ara mi léèrè pé irú iṣẹ́ wo nìyí, tó jẹ́ pé àfojúdi ló ń mú un dára. N kò rí ẹni bi, nítorí ẹni tí mo bá bi á rò pé mo ti ya wèrè.

Bàbá mi wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, kí wọ́n tó pe ìrun Aláàsárì. Òun nìkan ló wá, ó dé fìlà funfun, ó mú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Bó ṣe wọlé báyìí, ọ̀rẹ́ mi onílù dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, ó tẹríba, ìlù rẹ̀ sì ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀gá gan-an mú fèrè kúrò lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un. Gbogbo iyàrá ló tẹ̀. Èmi nìkan ló dúró. Àtàǹpàkò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, mo tẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń dùn mí. Mo ní kí orúnkún mi má tẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo bá ojú bàbá mi, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi.

Ohùn náà jáde bí mo ṣe fẹ́ kó jáde. Mo mọ̀ ọ́n láti ọwọ́, mi ò tún nílò etí. Bàbá mi sún mọ́ mi, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń yí i sí abọ́, ó dijú. Ó pẹ́ kó tó la ojú. Nígbà tó là á, kì í ṣe béèsì ló ń wò mọ́, ẹ̀yìn mi ló ń wò. Wọ́n pe ìrun, ó yí padà, ó sì lọ kí a tó parí orin.

Nígbà tí mo délé, ó wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń nu abọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, àyà mi kan ilẹ̀.

"Kò sán," ló wí.

Mo ń retí kí ayọ̀ dé. Ó nu abọ́ náà títí, ó gbé e sápá ọ̀tún, ó mú òmíràn.

"Gbogbo wọn ló kí mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí ilẹ̀ tí mo wà. Mo sọ ti ọwọ́, mo sọ ti èédú, mo sọ ti ibi méjì tí okùn ti dúdú. Mo ní bí mo bá tẹ̀, ohùn tó sán lẹ máa gbọ́, Bàbá, ẹ ó sì ní kí n lọ sí Ìlọrin. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní ó yé òun. Ó ní bí ènìyàn bá kan abọ́ níbi tí kò yẹ, abọ́ á parọ́ mọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí. Kò dárúkọ Ìlọrin mọ́, ó fi mí sílẹ̀ nídìí béèsì gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ kí i láàárọ̀, àyà mi kò ní tíì kan ilẹ̀ tí á fi wí pé, "Dìde, dìde, kí ohùn má baà bàjẹ́." Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wí i. Nígbà mìíràn kò ní rẹ́rìn-ín. Mo bi ìyá mi bóyá ẹ̀fẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe tàbí inú ló ń bí i. Ìyá mi ní òun náà ti ń wò ó, òun kò mọ̀. Mo bi Ọ̀gá, ó ní bàbá ti súre fún mi nìyẹn. Mo bi onílù, ó ní kí n tọrọ àforíjì. Mo tọrọ rẹ̀. Bàbá mi ní kí ni mo ṣe? Ó ní kí n dìde.

Báyìí ni n kò fi dọ̀bálẹ̀ parí fún un mọ́ títí ayé rẹ̀.

Inú ọyẹ́ ló kú, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. A wẹ̀ ẹ́, a fi aṣọ funfun dì í, a gbé e síwájú, a tò sẹ́yìn rẹ̀ láti kírun sí i lára. Ẹni tó bá mọ ìrun yẹn mọ̀ pé ìdúró ni gbogbo rẹ̀. Kò sí rúkúù tí ẹ̀yìn fi ń tẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìforíkanlẹ̀. Mo wà ní ìlà iwájú, kò sí ju lèmọ́mù lọ láàrin èmi àti òun. Bí lèmọ́mù bá ti ké Allahu Akbar, ẹ̀yìn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀, màá sì gbé e dúró pẹ̀lú agbára tí Ọ̀gá kọ́ mi. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ti tẹ itan mi débi pé ojú ibẹ̀ wú lọ́jọ́ kejì. Mo dúró ṣánṣán níwájú bàbá mi títí a fi sálámà, tí ìrun parí.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀ síbi tí wọ́n gbé e sí fún ìrun, lórí iyẹ̀pẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n dìde.